Ẹ Ka Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Tọrọ Ọ̀nà Tuntun

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa, lẹ́bàá ọ̀nà Ìjọ̀kà níbí ní Àkúrẹ́, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Alága ní kí èmi akọ̀wé kọ lẹ́tà sí ìjọba: kí wọ́n fẹ ọ̀nà wa di alábala méjì, kí wọ́n sì la òmíràn gba ẹ̀yìn ilé wa já sí ìgboro, torí gósílò àárọ̀ ti fẹ́ pa wá. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mi ò pàtẹ́wọ́. Ọdún 32 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ara mi kì í sì í gba ọ̀rọ̀ "ó pọ̀" láìjẹ́ pé ẹnì kan kà á. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí n lọ ka ọkọ̀ ná."

Bàbá kan bínú. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ta ni kò mọ̀ pé ọkọ̀ pọ̀? Ṣé ojú yín ò rí i ni?" Mo ní ojú mi rí i dáadáa, sà, àmọ́ ojú kì í kọ nǹkan sílẹ̀.

Ohun tí mo rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà yí lẹ́tà yẹn padà látòkè délẹ̀. Àdúgbò mẹ́ta ti ránṣẹ́ pè mí láti ìgbà náà pé kí n wá kọ́ àwọn. Ẹsẹ̀ mi ò gbà á mọ́ láti máa kiri, ni mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ ìjọba fún ọ̀nà lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Ìwé kan, bírò méjì, aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá (ti fóònù náà dára), àpótí ìjókòó, agboòrùn, omi. Lẹ́yìn náà, agolo mílíìkì òfìfo mẹ́fà àti ọmọ ayò.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga á ní kí ẹ máa fa ìlà sínú ìwé: mẹ́rin ní òró, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Mo gbìyànjú ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀kadà mẹ́fà yọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n tó wolẹ̀ fa ìlà mẹ́ta, àwọn yòókù ti kọjá. Ayò ló gbà mí sílẹ̀. Agolo kan fún ọ̀kadà, ọ̀kan fún kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kan fún takisí, ọ̀kan fún kọ̀rọ́pè àti bọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún ọkọ̀ àdáni, ọ̀kan fún túrélà àti ọkọ̀ ẹrù. Ọkọ̀ kan kọjá, ọmọ ayò kan já sínú agolo tirẹ̀. Ojú yín ò ní kúrò lójú títì rárá. Tí ìṣẹ́jú 15 bá pé, ẹ kà wọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Tí ẹ bá lè rí agolo méjìlá, ẹ fi mẹ́fà pààrọ̀ mẹ́fà, kí ọkọ̀ tó bá kọjá nígbà tí ẹ ń kà má bàa sọnù. Ọmọ ayò 48 tó wà nínú ọpọ́n kan ò lè tó yín, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kún un.

Ẹni méjì ni kó ṣe é, kí ọ̀kan máa sọ ayò, kí èkejì máa kọ̀wé. Ọmọ kíláàsì mẹ́ta girama kan ní àdúgbò wa ló bá mi kọ̀wé, ó sì mọ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Ẹ sọ fún àwọn tó wà ní oríta kí ẹ tó jókòó o. Àwa ò sọ, àwọn ọlọ́kadà rò pé agbowó-orí tuntun ni wá. Ọ̀kan nínú wọn yí ojú ọ̀nà padà nígbà tó rí ìwé lọ́wọ́ wa, ìkà ọjọ́ yẹn sì bàjẹ́.

Ọjọ́ àti àsìkò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ẹtì kì í rí bí ọjọ́ yòókù, Àbámẹ́ta sì jẹ́ ti òde. Kì í ṣe ìgbà ìsinmi iléèwé, kì í ṣe ọjọ́ òjò. Láàárọ̀, agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹ̀yìn títì ni kí ẹ jókòó sí, ẹ má jókòó sórí ọ̀dà.

Ìṣirò tó yí ọkàn mi padà

Ẹ wá ibi tí ọkọ̀ ti ń lọ geere, tí kò sí ohun tó dí wọn. Ẹ mú òpó iná kan bí àmì. Láti ìgbà tí imú ọkọ̀ kan bá kan òpó náà dé ìgbà tí imú èyí tó tẹ̀ lé e bá kàn án, bí wọ́n bá tò pọ́kípọ́kí, yóò tó bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Ẹ fi méjì pín in, ẹ ní 1,800. Èyí túmọ̀ sí pé ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan, tí nǹkan kan ò bá dí i, lè kó nǹkan bí ọkọ̀ 1,800 kọjá ní wákàtí kan. Àwọn ẹnjiníà náà ń lo iye tó jọ èyí, láti 1,800 sí 2,000 tàbí díẹ̀ lé.

Ọ̀kadà kì í gba àyè bíi túrélà, nítorí náà ẹ wọ̀n wọ́n. Èmi ka ọ̀kadà sí ìdajì, takisí àti kọ̀rọ́pè sí ọ̀kan, bọ́ọ̀sì ńlá sí méjì, túrélà sí mẹ́ta.

Ní oríta tiwa, Ọjọ́rú, wákàtí tó le jù, iye tí mo ní jẹ́ 569.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé mo ṣìṣe ni. Lóòótọ́, ní oríta, ó yẹ kí àwọn tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ náà rí tiwọn kọjá, a ò lè retí 1,800. Ká tiẹ̀ sọ pé ìdajì àsìkò ló jẹ́ tiwa, ó yẹ kó tó 900. Àwa ò dé 600, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ sì ń tò dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà tó lè gbé 900 tó ń gbé 569, àyè ò wọ́n ọn, egungun ló há a lọ́fun.

Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí orí ìlà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé. Ẹni tó bá wà nínú gósílò, ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí ẹ ó fi rí ọkọ̀ tó kọ́kọ́ yọ, tí iwájú rẹ̀ ṣófo. Ibẹ̀ ni àrùn wà.

Mo fi ọmọ akọ̀wé mi sídìí agolo, mo ń rìn, mo ń ka òpó iná. Òpó mọ́kànlá láti ìdí ìlà dé orí rẹ̀. Ìdérí gọ́tà kan ni mo bá lórí. Ìdajì rẹ̀ ti já sínú omi, irin mẹ́ta yọ síta bí ìka ọwọ́, ẹnì kan sì ti fi táyà àlòkù bo kòtò náà. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ á tẹ búréèkì, á yọ imú sí apá òsì, á dúró kí ẹni tó ń bọ̀ níwájú kọjá, á wá rọra gbé ẹsẹ̀. Mo ṣí aago. Dípò ìṣẹ́jú àáyá méjì láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì, márùn-ún ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò yẹn gan-an ni ìyá alákàrà wa ń dín àkàrà. Ó fún mi ní àpótí jókòó, mo ra ti igba náírà kí n lè jókòó pẹ́. Torí pé ènìyàn pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń ra àkàrà, ibẹ̀ ni gbogbo kọ̀rọ́pè ti ń já èrò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé. Láàárín ìṣẹ́jú 15, kọ̀rọ́pè mẹ́sàn-án dúró. Èyí tó yá jù lo ìṣẹ́jú àáyá 11. Èyí tó pẹ́ jù lo 40, torí pé ìyá kan na ẹgbẹ̀rún náírà sí dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà ò ní ṣéńjì, ló bá ní kí ìyá alákàrà bá òun ṣẹ́ ẹ, ìyá alákàrà nu ọwọ́ òróró rẹ̀ nù kó tó tú owó. Ọkọ̀ tí mo kà lẹ́yìn wọn títí wọ́n fi ṣe é tán jẹ́ mẹ́rìnlá. Tí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kọ̀rọ́pè kọ̀ọ̀kan gba bí ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ẹ bá mi ṣe é. Mẹ́sàn-án lọ́nà 20 jẹ́ 180, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mẹ́ta nínú 15, ìdá kan nínú márùn-ún. Ti kòtò ńkọ́? 3,600, ẹ fi márùn-ún pín in, 720. Ẹ wá yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú 720 torí kọ̀rọ́pè, ó ku 576.

Mo kà 569.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àkàrà lọ́wọ́, inú mi dùn bí ìgbà tí ọmọ kan bá gba iṣẹ́ tó le lójú pátákó. Inú sì tún bí mi. Òpó mọ́kànlá, ọmọ iléèwé tó ń pẹ́, aláboyún tó ń làágùn nínú takisí, nítorí ìdérí gọ́tà kan àti ibi tí kọ̀rọ́pè ń dúró sí. Ká ní ìjọba fẹ ọ̀nà wa sí méjì, ìlà méjì ni ì bá tò wá sídìí kòtò kan náà.

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń lọ

Ìbéèrè méjì péré: níbo lẹ ti ń bọ̀, níbo lẹ ń lọ? A bi ènìyàn 60. Àwọn 41 ń lọ sí àárín ìgboro: Ọjà Ọba, Ọba Adésídà, Alágbàká. Àwọn 12 ń gbé ọmọ lọ síléèwé tí kò jìn. Àwọn méje péré ló ń la ìlú kọjá lọ sí ibòmíràn.

Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àkúrẹ́ jẹ́ ìlú tí gbogbo ọ̀nà ń tú sí ojú kan. Ààfin Déjì, ọjà Erékèsán, báǹkì, ilé ìtajà, gbogbo wọn so mọ́ Ọba Adésídà. Nígbà tí wọ́n sì sọ wá di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, àwọn ọ́fíìsì ìjọba wá pọ̀ sí Alágbàká, òṣìṣẹ́ sì ń gba àárín ìlú lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá la ọ̀nà mẹ́wàá láti Ìjọ̀kà, láti Ọ̀bá-Ilé, láti Òkè Àró, tí gbogbo wọn sì já sí ojú kan yẹn, ẹ kàn mú kí ọkọ̀ tètè dé ibi tí wọ́n máa ti dúró ni.

Àmọ́ tí ó bá jẹ́ pé túrélà tó ń bọ̀ láti Iléṣà tó ń lọ sí Ọ̀wọ̀ ló pọ̀ nínú ìkà yín, ìyẹn ò ní iṣẹ́ kankan ní ìgboro. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà tó máa gbé e gba ẹ̀yìn ìlú, ẹ sì bẹ̀bẹ̀ kíkankíkan.

Ohun tí ọ̀nà tuntun máa ń ṣe nígbà tó bá yá

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé Kétu ní Èkó, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Marina. Nígbà tí wọ́n parí afárá Third Mainland ní 1990, afárá tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìsinmi. Ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi tó fi gbé wa lọ gba orí ẹ̀ lọ, gba orí ẹ̀ bọ̀, láìrí ẹnikẹ́ni, torí kí a lè rí ọ̀sà. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó ti ń jí kúrò nílé ní agogo márùn-ún ìdájí kí afárá yẹn tó dí.

Ta ló dí i? Mo bi í, ó ní, "Àwa náà ni." Aládùúgbò rẹ̀ tó ń wọ mólúè tẹ́lẹ̀ ti ra ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gba Ikorodu Road ti yà sórí afárá. Ẹni tó máa ń dúró títí agogo mẹ́wàá kó tó jáde ti ń jáde ní méje. Àwọn mìíràn sì lọ ra ilẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn torí wọ́n rò pé Island ti sún mọ́ wọn. Ọ̀nà mẹ́rin ni ọkọ̀ fi ń pọ̀ lórí ọ̀nà tuntun, mo sì ní kí àwọn tí mò ń kọ́ máa fi ìka kà á: èyí tó yà wá, èyí tó yí àkókò padà, ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àti ẹni tí kì bá tí jáde rárá.

Ọmọ mi obìnrin tó kàwé nípa ètò ìlú ní FUTA ló sọ fún mi pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ní 1962, Anthony Downs ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ní ìlú ńlá, ní wákàtí tí gbogbo ènìyàn ń jáde, ọkọ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀ á máa pọ̀ sí i títí á fi kún bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó. Ní 2011, Gilles Duranton àti Matthew Turner fi àkọsílẹ̀ àwọn ìlú Amẹ́ríkà wò ó: bí wọ́n bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ọ̀nà márosẹ̀, ìrìn ọkọ̀ lórí rẹ̀ náà á fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lé. Ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n fẹ ọ̀nà Katy Freeway, wọ́n parí rẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú owó tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 2.8, ó fẹ̀ débi pé láwọn ibì kan, tí a bá ka ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, ojú ọ̀nà 26 ló wà níbẹ̀. Ní 2014, ìrìnàjò àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lórí rẹ̀ ti pẹ́ ju ti 2011 lọ.

Mi ò sọ pé Third Mainland ò wúlò o. Èrò tó ń gbà á lójúmọ́ ò níye, Èkó ò sì lè ṣe láìsí i. Ẹ tọrọ ọ̀nà nítorí ọjà tó máa ṣí, nítorí oko tó máa rí ọ̀nà gbé ẹrù jáde, nítorí kòtò tó ń pa ènìyàn. Èmi náà wà lára àwọn tó ń pariwo ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì láti ọjọ́ pípẹ́, torí pé mo sin ọ̀rẹ́ kan tó kú sójú ọ̀nà yẹn. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ tà á fún ará àdúgbò pé gósílò á tán tí wọ́n bá ti la ọ̀nà. Wọ́n á gbà yín gbọ́, wọ́n á dá owó, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta wọ́n á tún wà nínú gósílò, láìsí ṣọ́ọ̀bù.

Fún àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí pé èyí ló ya àwọn ọmọ mi lẹ́nu jù nígbà tí mo fi hàn wọ́n lójú pátákó. Dietrich Braess, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló gbé e jáde ní 1968.

Ọkọ̀ 4,000 fẹ́ lọ láti Ilé sí Ọjà. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà òkè gba afárá tóóró kan, ó wá bọ́ sí títì gbọọrọ kan. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ gba títì gbọọrọ, ó wá gba afárá tóóró mìíràn kó tó dé Ọjà. Títì gbọọrọ máa ń gba ìṣẹ́jú 45, iyekíye ọkọ̀ tí ì báà wà lórí rẹ̀. Afárá tóóró yàtọ̀: ẹ fi 100 pín iye ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn ni ìṣẹ́jú tó máa gbà. Àwọn ọkọ̀ á pín ara wọn sí méjì, 2,000 lókè, 2,000 nísàlẹ̀. Afárá gba 20, títì gba 45. Ìṣẹ́jú 65 ni fún oníkálukú.

Ìjọba wá la ọ̀nà àbùjá láti òpin afárá àkọ́kọ́ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ afárá kejì. Ó kúrú débi pé kò gba ìṣẹ́jú kankan. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Dẹ́rẹ́bà kan rò ó: títì gbọọrọ ń gba 45, bí gbogbo ọkọ̀ 4,000 bá tiẹ̀ wà lórí afárá, 40 ni, afárá ni màá gbà. Oníkálukú rò ó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn gba afárá àkọ́kọ́, 40. Gbogbo wọn gba àbùjá, wọ́n gba afárá kejì, 40. Ìṣẹ́jú 80. Wọ́n la ọ̀nà tuntun, oníkálukú fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́ sí i. Tí ẹnì kan bá sì fẹ́ padà sí ọ̀nà àtijọ́ nìkan rẹ̀, 40 àti 45, 85 ni. Kò ní padà.

Àbùjá tí alága wa fẹ́ kí wọ́n là gba ẹ̀yìn ilé wa, irú rẹ̀ gan-an ni: á so ibi tóóró kan mọ́ ibi tóóró mìíràn.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ tọrọ rẹ̀, àti ohun tí ẹ máa so mọ́ ọn

Ẹ tọrọ rẹ̀ tí ìkà yín bá sún mọ́ iye tí ọ̀nà náà lè gbé, tí ẹ sì ti yọ gbogbo egungun ọ̀fun. Ẹ tọrọ afárá tí ìrìn méjì tó lágbára bá ń gé ara wọn kọjá. Ẹ wo Òrè: ọ̀nà tó ń ti Èkó lọ sí Benin àti èyí tó ń ti ìhà Oǹdó lọ sí Okitipupa pàdé níbẹ̀. Afárá tí ìjọba Akérédolú kọ́ síbẹ̀ jẹ́ kí ọ̀kan gba òkè, kí èkejì gba ìsàlẹ̀, wọn ò dá ara wọn dúró mọ́. Irú ìyẹn bá ìṣirò mu.

Tí ẹ bá tọrọ ọ̀nà, ẹ tọrọ gọ́tà tó ní ìdérí, ibi tí bọ́ọ̀sì máa yà sí dúró láìdí ọ̀nà, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà. Ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n má jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù jókòó sétí ọ̀dà. Ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú tí wọ́n bá jẹ́ kí ọjà hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á di ìgboro kejì láìpẹ́.

Ẹ tún rò ó bóyá bọ́ọ̀sì lẹ nílò. Nígbà tí Èkó ya ojú ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún BRT láti Mile 12 dé CMS ní 2008, ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi ọkọ̀ rẹ̀ sílé ní Kétu, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Ní Seoul, ní Kòríà, wọ́n wó ọ̀nà márosẹ̀ kan tó gba orí odò Cheonggyecheon láàárín 2003 sí 2005, wọ́n tún ètò bọ́ọ̀sì wọn tò ní 2004, ìlú náà ò sì dúró sójú kan. Ní Stockholm, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa sanwó kó tó wọ àárín ìlú, wọ́n dán an wò ní 2006, ọkọ̀ tó ń wọlé dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ti owó yẹn, mi ò rò pé Àkúrẹ́ tíì tó o, nígbà tí a ò ní bọ́ọ̀sì tó dára tí a lè sọ pé kí tálákà wọ̀ dípò rẹ̀.

Lẹ́tà náà

Ojú ìwé kan péré. Tèmi bẹ̀rẹ̀ báyìí: "A kí yín, sà. A ka ọkọ̀ ní oríta wa ní ọjọ́ méjì. Ní wákàtí tó le jù, ọkọ̀ 569 ló kọjá, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ọ̀nà náà gbé bí 900. Ohun méjì ló fà á." Mo so àwòrán ìdérí gọ́tà mọ́ ọn, mo kọ iye òpó, mo sì sọ ohun tí a fẹ́: ìdérí tuntun, ibi ìdúró kọ̀rọ́pè tó jìn sí oríta ní ogójì ìṣísẹ̀, iná adarí ọkọ̀ tí ó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó bá gba lẹ́tà tó ní iye nínú kì í lè dáhùn pé "a ó máa wò ó" bó ṣe rọrùn fún un tẹ́lẹ̀.

A ò sì dúró de èsì. Ẹgbẹ́ dá owó, bíríkìlà kan da ìdérí tuntun láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Alága àti èmi lọ bá àwọn dẹ́rẹ́bà kọ̀rọ́pè sọ̀rọ̀ ní gáréèjì wọn. Èyí tó nira jù ni ti ìyá alákàrà, torí pé tí kò bá ṣí, èrò ò ní ṣí. A kọ́ àtíbàbà fún un sí ibi tuntun náà, a kò gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣí lọ síbẹ̀ ni kọ̀rọ́pè tẹ̀ lé e.

Mo tún ka ọkọ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e: 838. Ìlà tó jẹ́ òpó mọ́kànlá di mẹ́ta. Bàbá tó bínú sí mi ní ìpàdé gbé iṣu wá sílé mi.

Ní oṣù kẹrin, òpó mẹ́ta ti di márùn-ún. Mo bi ọlọ́kadà kan, ó ní, "Màmá, àwọn tó ń gba apá Òkè Àró tẹ́lẹ̀ ti gbọ́ pé ibí ti dára." Ìka àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí mo sọ nìyẹn. A máa kà lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ọmọ akọ̀wé mi ní òun á mú ọ̀rẹ́ òun kan wá. Agolo mẹ́sàn-án ló kù lọ́wọ́ mi, mo ti ní kí ìyá alákàrà bá wa tọ́jú mẹ́ta sí i.